Alárinà ni, Kì í Ṣe Aṣojú

Bí a bá túmọ̀ 'proxy' sí aṣojú, a ṣi ònkàwé lọ́nà. Ẹni tí a fúnra wa rán ni aṣojú. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ni ó sábà máa ń fi 'proxy' sáàárín kọ̀ǹpútà wa àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, ó ń gbé èsì bọ̀, bí alárinà ìgbéyàwó ti ń ṣe, ó sì lè kọ iṣẹ́.

Ní ti VPN, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lò nígbà tí ìjọba dá Twitter dúró láti oṣù kẹfà 2021 di oṣù kìíní 2022, 'ọ̀nà ìkọ̀kọ̀' ni a dábàá. Ó ń bo ẹrù, ó sì ń gbé e gba ibòmíràn. Bí ẹni tí ó ti Òṣogbo lọ sí Iléṣà bá gba Ìbàdàn, ará Ìbàdàn ni oníbodè yóò pè é. Ó sì lè dá a padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti orúkọ lọ. Bí àdàkọ iṣẹ́ olùkọ́ kò bá dé ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, kí ó kọ́kọ́ pa ọ̀nà ìkọ̀kọ̀. Bí àdàkọ bá kọjá, a ti mọ ibi tí ìdíwọ́ wà. Bí kò bá kọjá, kí ó wò ó bóyá ètò ìpamọ́ náà mọ àdírẹ́sì alárinà. Ìperí tí kò fi iṣẹ́ ohun hàn, ẹrù lásán ni fún akẹ́kọ̀ọ́.