Nígbà Tí Ara Bá Pe Ọmọ Ilé Ní Olè

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ sickle cell la fẹ́ bá yín sọ, àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kí ló dé tí ara ọmọ tó jẹ́ SS fi máa ń gbóná, tí eegun fi máa ń ro ó, nígbà mìíràn láìsí kòkòrò àrùn kankan?

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni nǹkan kékeré kan wà tó ń jẹ́ mitochondria. Òun ló ń sọ oúnjẹ di agbára, bí jẹnẹrétọ̀ tó ń fún ilé ní iná. Ọ̀dọ̀ ìyá la ti ń jogún rẹ̀. Ó ní DNA tirẹ̀, DNA náà sì jọ ti baktéríà.

Bó bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́, tí DNA yìí tú sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń ṣọ́ ara á rò pé olè ti wọlé. Wọ́n á dìde ogun. Ara á gbóná, á wú, á máa ro. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí ní Boston fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lára ẹni tó fara pa gan-an.

Ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì pupa ti kó mitochondria rẹ̀ dànù kó tó dàgbà. Lára ẹni tó jẹ́ SS, àwọn kan kì í kó o dànù. Wọ́n sì tètè ń fọ́: sẹ́ẹ̀lì pupa ẹlòmíràn ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, tiwọn kì í sábà ju 20 lọ. Lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí NIH ní Maryland ròyìn pé DNA mitochondria pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun sókè.

Nítorí náà, ẹ má pe ọmọ náà ní ọ̀lẹ. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má sọ pé ara ló kàn ń bá ara jà. Àrùn yìí máa ń ba ọlọ́ inú jẹ́, kòkòrò àrùn sì lè tètè pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ nílé bóyá olè ni tàbí ọmọ ilé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 101 Fahrenheit, ilé ìwòsàn tààrà ni, ì báà jẹ́ lóru. Ẹ máa gbàdúrà lọ nínú ọkọ̀.

Ẹ béèrè nípa hydroxyurea lọ́wọ́ dókítà. Láti 2017 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọdé. Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn falẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a bí ní Texas wò. Ẹ béèrè èsì tiyín lọ́wọ́ òbí tàbí dókítà. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Nàìjíríà, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ìfẹ́ tó wọra.

Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.