Ẹmu Kò Ní Wọ Ilé Mi!

 

Lẹ́tà kan ni mo rí gbà láti Ìlórò-Èkìtì, níhà Ìjerò. Olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé ìtàn kan, kí ó sì po ohun mímu tí yóò bá ìtàn náà mu wá sí kíláàsì. Ìwé tí ọmọbìnrin inú ilé yìí mú ni The Palm-Wine Drinkard, tí Amos Tutuola ará Abẹ́òkúta kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Wàhálà dé! Bàbá ọmọ ní ẹmu kò ní wọ ilé òun. Ìyá àgbà ní ẹmu àárọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀pẹ sọ̀kalẹ̀ kì í ṣe ọtí, omi dídùn lásán ni. Ọmọ ń sunkún. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá wọn dá sí i.

Ìyá àgbà, ẹ má bínú sí mi, bàbá ọmọ ló jàre. Lóòótọ́, omi ọ̀pẹ dùn bí ó ti ń kán. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tí ojú kò lè rí wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára igi, ó sì kún inú akèrègbè tí adẹ́mu ti ń lò bọ̀. Bí omi náà ti ń kán sí i ni ó ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Akèrègbè tí ó sùn lórí ọ̀pẹ, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọtí ti wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ akèrègbè kò ṣàjèjì nínú ẹ̀sìn wa. Nínú àwọn hàdíìsì tí Muslim gbà jọ, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́kọ́ kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti máa rẹ èso sínú akèrègbè. Nígbà tó yá, ó yọ̀ǹda gbogbo ohun èlò, kí wọ́n ṣáà má mu ohun tí ń pani bí ọtí. Wọ́n ń rẹ èso àjàrà gbígbẹ fún òun náà. Bí ó bá ṣẹ́kù di alẹ́ ọjọ́ kẹta, kò ní mu ún mọ́.

Ìwé náà ńkọ́? Ọ̀pẹ 560,000 ni bàbá fún ọ̀mu yìí, adẹ́mu rẹ̀ sì ń dá kẹ́ẹ̀gì 150 fún un láràárọ̀. Adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, àwọn ọ̀rẹ́ sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ni ó bá gbéra, ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí tí kò jìnnà sí yín, ṣe é ní eré ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Lójú tèmi, adẹ́mu yẹn ni ó yẹ kí ohun mímu náà rán wa létí. Kí ọmọ pè é ní Adẹ́mu.

Ẹ rẹ ife òfìo méjì mọ́jú. Ẹ yọ kóró dàbínù mẹ́wàá, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí ó rọ̀. Ẹ lọ méjèèjì pọ̀ mọ́ àgbọn ìlàjì àti ata ilẹ̀ bí orí àtàǹpàkò, pẹ̀lú ife omi tútù mẹ́fà, kí ẹ sì fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Àwọ̀ ẹmu ni yóò ní. Ti ìfófòó, ẹ fi ìjábẹ̀ tuntun jà á dáadáa (ti ewédú yóò gbé òórùn irú wọ̀ ọ́). Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ mu ún ni kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i.

Igbá tuntun ni kí ẹ bù ú sí. Kí ọmọ má ṣe yá akèrègbè lọ́wọ́ adẹ́mu, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ó má sì di ọjọ́ kejì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó fúnra rẹ̀, ẹ dà á nù.

Ẹ fi ife kan pamọ́ fún ìyá àgbà. Bí wọ́n bá ní kò tó ẹmu àárọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi.