Ọmọ Ọ̀dọ̀ àti Abẹ́rẹ́ Àjẹsára: Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kano ló ń gba ọmọ ọ̀dọ̀, nítorí ìyá àgbà tó yẹ kó bá wa gbé ọmọ wà nílé lọ́nà jíjìn. A máa ń béèrè bóyá ó mọ oúnjẹ sè, bóyá ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àti iye tí yóò máa gbà lóṣù. A kì í béèrè bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ìbéèrè yẹn ti di dandan. Ìparí ọdún 2022 ni àrùn dìfitíríà, tí àwọn Hausa ń pè ní mashako, tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2023, Kano níbí ló ti le jù. Ọ̀nà ọ̀fun ló máa ń dí, ikọ́ àti sísín ló sì ń gbé e kiri. Àwọn ọmọdé ló mú jù, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó mú ni kò gba àjẹsára.

Ọmọ tuntun kì í gba abẹ́rẹ́ dìfitíríà àkọ́kọ́ títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 6. Ìkejì di ọ̀sẹ̀ 10, ìkẹta di ọ̀sẹ̀ 14. Ti èéyi, tó máa ń sú bo ọmọ lára, di oṣù 9. Kó tó di ìgbà náà, àwọn tó ń gbé e ni odi rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò kìlọ̀ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ní kí òbí rí i pé ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2 gba àjẹsára pé. Ọrùn òbí ló gbé e kọ́, kì í ṣe ọrùn ọmọ ọ̀dọ̀. Òfin yìí kan náà ló ní ká má gba ọmọdé síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé ẹbí rẹ̀.

Ẹ má sì bú ẹni tí kò gbà á. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn wò lára àwọn ọmọ tí yínrùnyínrùn ń bá jà ní Kano. Ìfura tó kù nílẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìpínlẹ̀ yìí dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003, títí di 2004. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà ti lé ní ogún ọdún báyìí. Òun náà ló ń wá iṣẹ́ ilé lónìí.

Nítorí náà, kí a má ṣe bi ọmọ Hausa nìkan. Ẹni tí a mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Kútọnu, ìbéèrè kan náà ni. Àlejò ni wá. A kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìlera di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò. Abẹ́rẹ́ kan wà fún obìnrin láti ọdún 15 sí 49 tó ń dènà àrùn ipá àti dìfitíríà; kí wọ́n wo èyí tó tọ́ sí i. Ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀, ẹ má yọ owó ọjọ́ náà, kí káàdì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí tirẹ̀ ni.

Bí ọ̀fun bá ń dùn ún tàbí ara rẹ̀ gbóná, kó sinmi, kí owó rẹ̀ pé. Ẹni tí a ń yọ owó rẹ̀ nítorí àìsàn yóò fi ikọ́ pamọ́, ọmọ wa ni yóò sì kọ́kọ́ kó o.

Kí á tó béèrè káàdì rẹ̀, kí á yẹ ti ọmọ àwa fúnra wa wò. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí.