Ìyá Olóúnjẹ Kọ́ Ni Olè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ẹ jẹun níta kẹ́yìn, kí ni ẹ sọ fún ẹni tí ó bu oúnjẹ fún yín? Ṣé ẹ kí i ni, àbí ẹ bú u?

Mo bi yín nítorí ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Ní ọjọ́ ọjà kan ní Kétu níbí, mo dúró lẹ́bàá obìnrin kan tí ó ń ta ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà. Ọkùnrin kan tí ó ń fi zẹmijan gbé èrò na 100 fránkì sí i. Obìnrin náà ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú, ti 100 ti tán. Ó ti di 200." Ọkùnrin náà gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní olè ni. Ó ní àwọn obìnrin ọjà ni ó ń ba ìlú jẹ́. Àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó gbèjà obìnrin náà. Èmi náà kò sọ nǹkan kan. Mo ra tèmi, mo jẹ ẹ́, mo lọ. Ìtìjú ọjọ́ náà ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Òótọ́ ni pé oúnjẹ ìta ti wọ́n. Ẹ̀kọ, àkàrà, ìrẹsì, iyán, gbogbo rẹ̀ ni ó ti wọ́n. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mo ní kí a mọ ẹni tí a ó bá wí. Ìyá olóúnjẹ kọ́ ni.

Nínú kíláàsì wa ti ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan wà tí ó ń se irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tà. Mo ní kí ó ka gbogbo ohun tí ó ń ná ní ọjọ́ kan, kí a kọ ọ́ sára pátákó. Ó ń sọ ọ́, àwọn yòókù ń kọ ọ́ sínú kàyé wọn. Ẹ mú bíìkì, kí ẹ̀yin náà kọ ọ́.

Ó ní ìrẹsì jẹ́ 4 000 fránkì. Ẹ̀wà jẹ́ 2 500. Òróró jẹ́ 1 500. Ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti iyọ̀ jẹ́ 1 500. Igi ìdáná jẹ́ 800. Omi jẹ́ 200. Owó zẹmijan tí ó gbé ẹrù lọ tí ó sì gbé e bọ̀ jẹ́ 400. Owó ibi tí ó jókòó sí ní ọjà jẹ́ 100. A ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fi ìka kà. Ó jẹ́ 11 000 fránkì. Ìkòkò rẹ̀ ń kún abọ́ 60. Abọ́ 60 ní 200-200 fránkì, 12 000 ni. Ẹ yọ 11 000 kúrò nínú 12 000. Ó ku 1 000.

1 000 yìí ni owó iṣẹ́ rẹ̀ láti aago mẹ́rin ìdájí títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. A kò tíì ka ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń fọ abọ́. A kò tíì ka ìkòkò tí ó ń jó, tí yóò rà òmíràn. Bí ènìyàn 5 péré bá jẹ àwìn ní ọjọ́ náà tí wọn kò san án, èrè ọjọ́ náà ti parẹ́. Kíláàsì dákẹ́. Obìnrin náà wo pátákó títí. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta oúnjẹ. N kò mọ̀ pé ohun tí mo ń rí níbẹ̀ nìyí."

Olè wo ni ó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti wá dáná nítorí 1 000 fránkì?

Nígbà náà, níbo ni ọ̀wọ́n ti ń wá? Ó ń wá láti ọ̀nà tí ó jìn. Àwọn tí ó dàgbà nínú yín rántí ọdún 1994. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún náà, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń ná owó sefa péjọ ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, a sì kéde níbẹ̀ pé owó wa ti relẹ̀. Títí di ọjọ́ náà, 50 fránkì sefa ni a fi ń gba fránkì Faransé 1. Ní ọjọ́ kejì ó di 100. Ẹni tí ó sùn pẹ̀lú 1 000 fránkì jí pẹ̀lú 1 000 fránkì rẹ̀, ó kà á, ó pé. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ó ti òkè òkun wá, ìrẹsì, mílíìkì, oògùn, ṣúgà, kò ṣeé rà ní iye àná mọ́. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rántí ẹni tí àwọn ènìyàn bú. Wọn kò bú àwọn tí ó péjọ ní Dakar, nítorí Dakar jìn. Obìnrin ọjà ni wọ́n bú, nítorí òun ni ó jókòó níwájú wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọdún 2008, nígbà tí ìrẹsì wọ́n ní gbogbo ayé. Àwọn orílẹ̀-èdè kan tí ń gbìn ín, Íńdíà wà lára wọn, ní kí ìrẹsì wọn má jáde mọ́, kí ebi má baà pa àwọn ará ilé wọn. Ní Burkina, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ní Kamẹrúùnù, àwọn ènìyàn jáde sí títì láti kígbe ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2022 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Yukréènì. Àwọn méjèèjì ń ta àlìkámà púpọ̀ fún ayé, nítorí náà búrẹ́dì kan Kétu, ajílẹ̀ náà sì kan àwa tí a ń dáko. Ní oṣù keje ọdún 2023 Íńdíà tún ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìrẹsì funfun lásán, títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Bẹ́ẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tí ó ń ra ìrẹsì Íńdíà jù.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti epo. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba tuntun ní Nàìjíríà kéde pé òun kò ní san apá kan owó epo mọ́ fún àwọn ará ìlú. Epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lọ́nà Ìlárá mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Kpàyó tí a ń rà nínú ìgò fò sókè. Ẹni tí ó ń fi zẹmijan gbé èrò fi owó kún owó tirẹ̀, ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ kó tòmátì fi kún tirẹ̀, a sì gbà fún wọn. A ní, "Epo ti wọ́n." Ìgbà tí ó kan ìyá olóúnjẹ ni a pariwo olè. Ọkùnrin tí mo sọ lókè yìí ńkọ́? Ṣé iye tí ó ń gbà kí 2023 tó dé ni ó ń gbà lónìí?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Ìwọ náà ò rí abọ́ wọn?" Mo rí i. Mo rí abọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú sókè bí ìkùn ọmọdé. Mo rí ẹ̀kọ tí ewé rẹ̀ pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Mo rí àkàrà tí ẹ bá tẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò jáde. Ìyẹn kò dára, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn obìnrin inú kíláàsì wa láìbò. Kí ènìyàn sọ fún mi pé 100 ti di 150, mo lè pinnu bóyá n ó rà á tàbí n kò ní rà á. Ṣùgbọ́n kí ó gba 100 lọ́wọ́ mi, kí ó sì fún mi ní ti 60, ó ti tàn mí jẹ.

Síbẹ̀, ta ni ó kọ́ wọn ní ẹ̀tàn yìí? Àwa ni. A kò fẹ́ gbọ́ 150. Ẹni tí ó bá sọ òótọ́, a ó bú u, a ó sì kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ti 100 ṣì wà. Oúnjẹ ibẹ̀ kò ní yó wa. A ó tún ra 100 mìíràn. Ẹ ro ó wò: èwo ni ó pọ̀ jù, 150 tàbí 200?

Ọ̀rọ̀ owó tí ó ń wọlé fún olùjẹun náà wà níbẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin Bẹ̀nẹ̀ gbà jẹ́ 40 000 fránkì láti ọdún 2014. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ó di 52 000. Ẹni tí ó bá ń jẹun níta ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, 300-300 fránkì, ń ná 900 lójúmọ́. Ní ọjọ́ 30 ó jẹ́ 27 000. Ó ti ju ìdajì 52 000 lọ, kò tíì sanwó ilé, kò tíì ra oògùn. Àwọn tí ó ń jẹun níta jù kì í tilẹ̀ ń gba 52 000 yẹn: ọmọ iṣẹ́ kápẹ́ńtà, ẹni tí ó ń ṣe àgbàṣe lóko ẹlòmíràn, aláàárù ọjà. Nítorí náà mo mọ ìdí tí ọkùnrin yẹn fi bínú. Òun náà kò rí i mú wálé. Òtòṣì ni òun, òtòṣì ni obìnrin tí ó bú.

Ó ku èyí tí yóò dun àwa fúnra wa. Ìrẹsì ń ti Íńdíà wá, ó dára. Àgbàdo ńkọ́? Ṣé àgbàdo náà ń ti Íńdíà wá? Àwa ni a ń gbìn ín. Ẹ̀kọ tí a ń rà lójú ọ̀nà, àgbàdo ilẹ̀ wa ni. Kí ni ó dé tí ó fi ń wọ́n mọ́ wa lọ́wọ́?

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, àgbàdo tuntun kún ilẹ̀. Àwọn oníṣòwò kó ọkọ̀ ńlá wọ Kétu, wọ́n wọ Pọ́bẹ̀, wọ́n wọ àwọn abúlé. Iye tí wọ́n bá pè ni a ń gbà, nítorí gbogbo wa ni a fẹ́ tà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwé fẹ́ wọlé, a ní láti ra kàyé fún àwọn ọmọ. A jẹ gbèsè nígbà tí a ń ro oko. Kòkòrò sì ń bẹ. Kòkòrò kan wà tí ó ti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà wá, tí a rí ní Tógò ní àwọn ọdún 1980, tí ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ wa. Bí ó bá wọ àká, ó ń sọ àgbàdo di ìyẹ̀fun. Nítorí náà a tà á, a tà á tán. Nígbà tí ó bá fi máa di oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún, àká ti ṣófo, a sì ń lọ sí ọjà láti ra àgbàdo, nígbà mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí ó ra tiwa. Ìyá ẹlẹ́kọ náà wà lórí ìlà yẹn. Òun kọ́ ni ó fi àgbàdo pamọ́. Owó tí a pàdánù ní oṣù kẹjọ ni a tún ń san nínú ẹ̀kọ ní oṣù karùn-ún.

Ní orílẹ̀-èdè Niger, láti nǹkan bí ọdún 1999, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan rí ọ̀nà kan. Nígbà ìkórè wọn kì í ta ọkà wọn. Wọ́n ń kó o sínú ilé kan, wọ́n ń fi àgádágodo 2 sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ 1 wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, 1 wà lọ́wọ́ ilé owó. Ilé owó ń yá wọn lówó lórí ọkà náà, wọ́n ń fi í ra kàyé ọmọ, wọ́n ń fi í san gbèsè. Nígbà tí ọkà bá gbówó lórí, wọ́n ṣí ilé náà, wọ́n tà á, wọ́n sì dá owó ilé owó padà. Àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní warrantage. Àwọn àgbẹ̀ kan ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ níbí ti ṣe é. Àwa ará Kétu ńkọ́? A ní ẹgbẹ́ ìsìnkú, a ní ẹgbẹ́ aṣọ, a ní èésú. A kò ní ẹgbẹ́ àgbàdo. Ẹnikẹ́ni tí ó ní ẹnu láti pe ìyá olóúnjẹ ní olè, kí ó kọ́kọ́ sọ fún wa ibi tí àgbàdo tirẹ̀ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà báyìí, iṣẹ́ yín ni èyí. Ẹ lè kọ iye àgbàdo tí ẹ kó, iye tí ẹ tà á, ọjọ́ tí ẹ tà á, àti iye tí ẹ fi rà á padà. Ẹ kọ ọ́ fún ọdún kan péré. Ẹ kó kàyé yín wá sí ìpàdé abúlé, kí ẹ kà á sókè níwájú olórí abúlé àti níwájú àwọn tí ń wá ìbò yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìbò, kí ó dá yín lóhùn lórí ilé tí a ó kó àgbàdo sí.

Ní ti obìnrin inú kíláàsì wa, ó ra síléètì kan. Ó kọ ọ́ sí i pé: "Abọ́ kékeré 200. Abọ́ ńlá 300. Kò sí àwìn." Ó gbàgbé àmì lórí "àwìn", a fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ó gbé síléètì náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò rẹ̀. Àwọn kan wò ó, wọ́n kọjá lọ. Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan fi ìka tọ nọ́ńbà náà, ó kà á jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bu ti 200 fún mi." Ó wo inú abọ́ náà dáadáa, ó sanwó rẹ̀, ó sì jókòó.