Èjìgbò yẹ kó ní aṣọ ìrántí tí abẹ́rẹ́ kọ

Òkú àgbà, ìwúyè, àjọ̀dún ẹgbẹ́: kò wọ́pọ̀ kí a ṣe èyíkéyìí nínú wọn ní Èjìgbò, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti agbègbè rẹ̀ lónìí láìra ànkárá. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣòwò ní Àbíjàn kì í gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Mi ò bá aṣọ ẹbí jà. Ó ń jẹ́ kí tọlọ́rọ̀ tòtòṣì wà lójú kan náà. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a kàn tẹ àwòrán àti déètì sí kò lè gbé ìrántí ìlú dúró. Kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣá, tí a ó fi rán bùbá ọmọdé, tí a ó sì fi nu ilẹ̀. Ó yẹ kí Èjìgbò ní aṣọ kan tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rán, tí abẹ́rẹ́ kọ ọdún àti ìṣẹ̀lẹ̀ sí, tí yóò máa wà ní ààfin.

Ó ti pẹ́ tí aṣọ ti ń pa ìtàn mọ́ nílẹ̀ wa. Nígbà tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwọn aláàdìrẹ ya òun àti olorì rẹ̀ sára aṣọ, àdìrẹ náà sì ń jẹ́ Ọlọ́ba títí dòní. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lára àdìrẹ Ìbàdàndùn. Ní Abomey, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń gé aṣọ aláwọ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ láti sọ ìtàn ọba. Kìnnìún ló dúró fún Ọba Glele. Aṣọ Bayeux ti ilẹ̀ Faransé, tó sọ ìtàn ogun 1066 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gùn tó nǹkan bíi mítà 70, abẹ́rẹ́ àti òwú irun àgùntàn ni wọ́n sì fi kọ gbogbo rẹ̀.

Èjìgbò ní ìdí tirẹ̀ pẹ̀lú. Òrìṣà funfun ni Ògìyán, òrìṣà ìlú náà. Ní Bàhíà, ní Bùràsíìlì, wọ́n ń pè é ní Oxaguiã, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ọba Èjìgbò. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ olówùú funfun lórí aṣọ funfun gbilẹ̀ lára aṣọ àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Candomblé níbẹ̀. Kí ló dé tí kò fi sí irú rẹ̀ nílé? Ìgúnsí kan tó bá a mu ni cross stitch: òwú méjì ló ń dábùú ara wọn, onígun mẹ́rin kan fún ìgúnsí kan, lórí aṣọ tí a lè ka fọ́nrán rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ fi máa ń gún régé. Tí a bá fẹ́ ta kókó sí i, a ó yí òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, a ó tún gún un padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti jáde. Kókó funfun lórí aṣọ funfun ń yọ síta débi pé ọwọ́ afọ́jú lè kà á. Ẹ fojú inú wo àtòrì tí apá ìlú méjì fi ń na ara wọn lọ́dún Ògìyán, àti odó iyán, bí kókó bá tò yí wọn ká.

Wọ́n lè sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé Anna Hinderer, ìyàwó míṣọ́nnárì tó dé Ìbàdàn ní 1853, kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ la fi ń ṣe àdìrẹ alábẹ́rẹ́, kókó la sì ń ta sí àdìrẹ oníko. Kì í ṣe àlejò sí wa. Ohun tó wúwo jù ni ti ẹ̀sìn. Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì pọ̀ ní Èjìgbò, wọn kò sì ní fẹ́ rán òrìṣà. Kò yẹ kí a fipá mú wọn. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan rán apá tirẹ̀, kí ẹlòmíràn ya mọ́sálásí, ilé-ìwé tàbí ọkọ̀ Àbíjàn. Ìtàn ìlú ni gbogbo wọn.

Ti ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọnà sára agbádá yára ju ọwọ́ lọ, ó sì ń bọ́ àwọn ọ̀dọ́ télọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹwà nìkan là ń wá, ẹ̀rọ tó. Àmọ́ ẹni tí yóò fi ọwọ́ rán ọdún kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àgbà pé ọdún wo ni. Àwọn àgbà á jiyàn, wọ́n á pe ara wọn, ìtàn tó ti fẹ́ parẹ́ á sì jáde. Èyí lè fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ìfàsẹ́yìn yẹn gan-an ni èrè rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní Home Economics ti mọ irú ìgúnsí wọ̀nyí. Kí ààfin pè wọ́n kí ọdún Ògìyán tó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá rán sí ẹ̀yìn aṣọ náà.