Oògùn ibà kan náà, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀



Arákùnrin kan níjọ wa níbí ní Igbesa, tó máa ń ṣiṣẹ́ òru ní iléeṣẹ́, ni ibà mú. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá fún un ní ìyókù artesunate àti amodiaquine tiẹ̀. (Ìyókù kẹ̀? Oògùn ọjọ́ mẹ́ta tí òun náà kò lò tán nìyẹn!) Ó gbé e mì, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè dìde. Làwọn kan bá ní ọwọ́ ayé ni. Kí n má parọ́, èmi gan-an ti fẹ́ kéde ààwẹ̀ kí n tó bi í pé kí ló lò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà, ẹ rántí chloroquine, kí ìjọba tó yí i padà lọ́dún 2005. Èmi àti àbúrò mi lò ó lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Òun sùn fọnfọn, èmi ń fi òòyà họra títí ilẹ̀ fi mọ́. Bàbá mi ní àṣejù ni mò ń ṣe. Lọ́dún 2000 làwọn onímọ̀ kan n'Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ jáde pé ara àwọn tí chloroquine máa ń yún kì í fọ́ ọ tó bí ara àwọn tí kì í yún.

Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan ṣe jẹ́ AA tí ẹnìkejì jẹ́ AS, bẹ́ẹ̀ ni àbínibí ń dá sí bí ẹ̀dọ̀ kálukú ṣe ń yára tó. Amodiaquine náà máa ń pẹ́ lára àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ. Ti primaquine tún yàtọ̀: àwọn tí G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láti inú ìyá wọn wá, tí wọ́n sì pọ̀ nílẹ̀ wa, pàápàá láàárín ọkùnrin, ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ìyá, ìdí kan náà ni nọ́ọ̀sì fi ń ní kẹ́ ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ìkókó.

Pọ́ọ̀lù ní kí Tìmótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Inú Tìmótì ni o, kì í ṣe ti gbogbo ìjọ.

Èrò tèmi ni pé àwa pásítọ̀ la ń dá kún un. Ká béèrè oògùn ká tó béèrè àjẹ́. Àmọ́ ẹ má torí èyí ju oògùn nù lọ́jọ́ kejì o, ibà tí a kò tọ́jú tán ń pa èèyàn. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kẹ́ ẹ sì dárúkọ èyí tí kò bá yín lára mu fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, wọ́n á wá òmíràn.

Bí wọ́n ṣe ṣe fún arákùnrin wa nìyẹn. Wọ́n fún un ní artemether àti lumefantrine, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ nítorí ààwẹ̀ tí mo fẹ́ kéde yẹn.