Ọjọ́ Ìbò Nìkan La Ń Rí Ilẹ̀ Gbá Bọ́ọ̀lù

Tí ọmọ Ìbàdàn kan bá dé Àbújá láàárọ̀, kó tó di alẹ́, fọ́tò á ti gorí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun rèé létí adágún Jabi. Òun rèé lórí koríko ní Millennium Park. Òun rèé tó kẹ̀yìn sí àpáta Aso. Lábẹ́ fọ́tò yẹn, àwọn ẹgbẹ́ wa á wá máa kọ ọ́ pé ibi tí èèyàn ń gbé rèé, kì í ṣe páànù tó ti dípẹtà tó kún Ìbàdàn. Àwa tí à ń gbé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó jẹ́ pé abẹ́ páànù yẹn gan-an là ń sùn, a ní èsì.

A ò ní torí ìbínú purọ́. Àbújá dùn ún wò. Ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀, igi wà níbẹ̀, èèyàn sì lè jókòó síta kí ara tù ú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, pé kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ olú-ìlú tuntun wò. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, òfin jáde, ilẹ̀ tó ju 7,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ya àwòrán ìlú kí wọ́n tó kọ́ ìlú. Wọ́n fi ibi ìgbafẹ́ sínú àwòrán náà bí wọ́n ṣe fi títì àti ọ́fíìsì sí i. Adágún Jabi tí ẹ̀ ń ya fọ́tò létí rẹ̀ yẹn, omi tí wọ́n sé ni. Millennium Park, ọdún 2003 ni wọ́n ṣí i, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ló sì wá ṣí i. Kì í ṣe pé ará Àbújá lajú jù wá lọ. Ìjọba ló pinnu pé kí ìlú náà rẹwà, ó sì náwó sí ìpinnu rẹ̀. Owó gbogbo Nàìjíríà ni, tiwa náà wà níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìdajì ìtàn tí kì í sí nínú fọ́tò. Ilẹ̀ yẹn ò ṣófo. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari, àtàwọn ẹ̀yà mìíràn wà níbẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin òkú wọn síbẹ̀. Wọ́n kó àwọn ará Maitama lọ sí Kubwa. Lónìí, ẹni tó bá ní ilé ní Maitama, olówó ni. Kódà orúkọ "Àbújá" fúnra rẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìlú àtijọ́ kan ni, ìlú yẹn ló wá di Suleja. Àpáta Zuma tó wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà, tí gbogbo ayé ń pè ní ti Àbújá, ìpínlẹ̀ Niger ló wà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá jókòó sí Bódìjà tó ń sọ pé kí wọ́n kúkú wó Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, kí wọ́n tún wọn kọ́ bí Àbújá, a máa ń bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ilé ta ni ẹ fẹ́ wó, níbo lẹ sì fẹ́ kó wọn lọ? Agboolé ni ibí yìí. Bàbá tó bí bàbá wa ń sùn sínú ilé, a kì í ṣe ayálégbé tó lè palẹ̀ ẹrù mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Tiwa ti yí padà o. Àwọn ọmọ wa ti dé oko ẹlòmíràn, ni wọ́n bá ní kí wọ́n dáná sun ti bàbá wọn.

Àmọ́ àwọn tó ń gbèjà wa náà ń bí wa nínú. Wọ́n á ní, "Ṣebí ẹ ní Mapó? Ṣebí ẹ ní Láyípo?" A ní wọn lóòótọ́. Gbọ̀ngàn Mapó ti wà lórí òkè rẹ̀ láti ọdún 1929. Ilé gogoro Òkè Àárẹ̀, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 fi rántí Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ṣì dúró digbí. Tí èèyàn bá yípo yípo dókè rẹ̀, á rí Ìbàdàn bí ẹní tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi ìwòran yàtọ̀ sí ibi ìgbafẹ́. Àlejò á wo Mapó lẹ́ẹ̀kan, á ya fọ́tò, á lọ jẹ àmàlà, ó parí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń gbé nísàlẹ̀ Mapó, níbo ló ti máa sáré lálaalẹ́? Agodi Gardens dára, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2014, ṣùgbọ́n owó ẹnu ọ̀nà wà, owó ọkọ̀ wà. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin ò lè máa ṣe ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí òyìnbó tó mọ ibi tí Ìbàdàn wà, a ní ibi ìgbafẹ́ tiwa. Ojúde lorúkọ rẹ̀. Gbogbo agboolé ló ní in. Ibẹ̀ là ń ta ayò, ibẹ̀ là ń ṣe ìnáwó, ibẹ̀ lọmọdé ń ṣeré òṣùpá, kò sì sẹ́ni tó ń gbowó ẹnu ọ̀nà. Gbogbo yín lẹ mọ agbára ojúde, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gbé fọ́tò Ojúde Ọba ti Ìjẹ̀bú-Òde káàkiri ayé lọ́dún 2024? Ẹ wá wo ojúde agboolé tiwa báyìí. Ibìkan ti di ṣọ́ọ̀bù. Ibìkan, mọ́tò ẹni tó rí já jẹ lágboolé ló gbabẹ̀. Ibìkan, wọ́n ti tà á, àwọn tó tà á ti pín owó. Kì í ṣe ìjọba ló ṣe èyí fún wa. Àwa fúnra wa ni, àwọn àgbà sì ń wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin mógàjí wa, ẹ fojú jìn wá, orí ọmọ ti wọ́ o.

Ohun tó kù wá ni títì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ ìbò, tí ìjọba bá ti ní kí mọ́tò má rìn, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Kí oòrùn tó là, wọ́n ti to òkúta méjì méjì sójú títì bí òpó gòólù. Ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, ọmọge ń ṣeré, bàbá àgbà gbé àga síta. Títì tí ọ̀kadà àti mààkírò ti ń lé wa kiri láti ọdún dé ọdún di ojúde lójijì. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Tó bá wá di ọjọ́ kejì, mọ́tò á gba ọ̀nà rẹ̀ padà, àwa náà á padà sínú gọ́tà.

Ohun tí à ń sọ rèé: ilẹ̀ wà. Àsìkò ni wọn ò fún wa.

Ìlú mìíràn ti fún àwọn èèyàn wọn. Ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ń ti àwọn títì ńlá pa fún mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Lónìí, ọ̀nà tí wọ́n ń tì ju 100 kìlómítà lọ, kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbabẹ̀. Brasília ńkọ́? Olú-ìlú tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ ni, bíi Àbújá gẹ́lẹ́. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣí i. Pẹ̀lú gbogbo àwòrán yẹn, títì ńlá tó gba àárín rẹ̀ kọjá ni wọ́n ń tì lọ́jọ́ Àìkú káwọn èèyàn lè rí ibi rìn. Tí ìlú tí wọ́n fi rúlà fà bá nílò rẹ̀, mélòó mélòó ni ti wa?

Nítorí náà, a ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó kọ́ Millennium Park sí Ọjà'ba. Ohun mẹ́ta là ń bèèrè. Ẹ ti ọ̀nà Mapó sí Bẹẹrẹ pa fún mọ́tò láago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan lóṣù, ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ àdúgbò máa gun Láyípo lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ojúde tó bá kù lágboolé kankan má ṣe di títà mọ́, kí mógàjí kéde rẹ̀ níwájú mọ̀lẹ́bí.

A ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní dẹ́rẹ́bà ò ní gbà. Dẹ́rẹ́bà ń gbà lọ́jọ́ ìbò. Wọ́n á ní àwọn ọlọ́jà máa pàdánù. Níbi tí èrò bá pé sí, ṣé ẹlẹ́kọ máa sunkún ni? Wọ́n á ní bí aláìsàn bá fẹ́ kọjá ńkọ́? Òkúta méjì la fi ṣe òpó gòólù, ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbé e kúrò lọ́nà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tẹ́ ẹ wà l'Ábùújá, ẹ gbafẹ́ yín, ẹ ya fọ́tò yín, a ò bínú. Ẹ sáà má fi páànù wa pa òwe mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí lórí ibùsùn, ìjọba ìbílẹ̀ wà ní Mapó níbẹ̀, kò jìnnà. Ìwé kan ṣoṣo la fẹ́ mú lọ, orúkọ wa ló máa kún inú rẹ̀. Ẹ wá kọ tiyín.